Síìpù Apá Ọ̀tún

Ẹ̀gbọ́n mi Lorna,

Mo kí ẹ̀yin àti ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà ní Idaho níbí. Orúnkún mi ti san. Tess ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo gé ìdí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi kí ẹrù tí mo ń gbé gun òkè lè fúyẹ́.

Mo ra àpò ìsùn tuntun, irú èyí tí èèyàn ń wọnú rẹ̀ sùn lórí òkè. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú rẹ̀, ó fúyẹ́ bí òwú, ó sì ń móoru. Ó wọ́n o, ṣùgbọ́n èyí tí èmi àti olóògbé Duane ọkọ mi jọ ń lò ti wúwo jù fún èmi nìkan.

Mo ní kí ọmọ tó ń tajà fún mi ní èyí tí síìpù rẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Ó ní, "Àwọn ọlọ́wọ́ òsì ló sábà ń ra ìyẹn. Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni yín, mà?"

Mo ní, "Rárá o. Ti Emmett ló wà lósì."

Ẹ̀gbọ́n mi, tí síìpù kan bá wà lósì, tí èkejì wà lọ́tùn-ún, àpò méjèèjì ṣeé so pọ̀ di ibùsùn kan. Emmett ni aládùúgbò mi tó ń ru ìkòkò kọfí onírin gun òkè.

Ẹ bá mi fẹ̀sọ̀ sọ fún Tess, ojú ń tì mí. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ sì bá mi gbàdúrà kí síìpù náà má há.

Àbúrò yín,
Wilma