Pásítẹ̀lì Dúdú Nínú Ìgò Tìróò

Ọ̀yọ́,
9 February, 1988.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kàdúná o. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Inú mi ń dùn ṣìnkìn nílé ọkọ! Tíṣà ni ọkọ mi, wọ́n sì ń kọ́ mi láti fi pásítẹ̀lì, tó rọ̀ ju ṣọ́ọ̀kì lọ, ya òkè àti oko. Lọ́jọ́ Sátidé mo ya òkè kan lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé òkè nìyí àbí ebè iṣu?" A rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Mo lọ èérún pásítẹ̀lì dúdú sínú ìgò tìróò mi tó ti tán, kí n lè máa fi yàwòrán. Ìyá ọkọ mi rò pé tìróò ni, wọ́n lé e. Ojú wọn wú, ó pọ́n. Dókítà bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi sójú, wọ́n ní, "Tìróò ìyàwó mi ni, kò sí nǹkan míì." Mo wà níbẹ̀, mi ò lè lanu.

Mo fẹ́ kí ẹ wá bá mi bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ojú wọn kò lè dúró dè yín. Bí mo bá ti pa lẹ́tà yìí dé, màá lọ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́, ká lè padà sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Ẹ ṣáà máa bọ̀. Bí wọ́n bá lé mi, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún Màmá wa, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ilé yín.

Àbúrò yín,
Marufat.