Ẹni Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Rí Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀: Dókítà Samuel Múyìwá Adébíyì, 1968–2018

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1968 ni a bí Olóògbé Dókítà Samuel Múyìwá Adébíyì ní ìlú Kàbà, ní ilẹ̀ Òkun tó ti di ara Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Olùkọ́ ni bàbá wọn, Olóògbé Àjíṣafẹ́ Adébíyì. Ìyá wọn, Màmá Rẹ̀mí Adébíyì, ṣì wà láyé. Kàbà ni Màmá jókòó sí bí ẹ ti ń ka ìwé yìí, nítorí àṣà wa kò gbà kí ìyá dé ibi ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kí ẹbí yìí kú ìnáwó. Inú ń bí wa.

Kàbà ni Dókítà ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama. Ní ọdún 1991, wọ́n gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́místírì ní Yunifásítì Ìlọrin. Wọ́n fẹ́ Rosemary ní ọdún 1998, Ọlọ́run sì fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ. Òkè òkun ni wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 2009, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ tó gbà wọ́n lọ́kàn títí wọ́n fi kú: bí a ṣe ń mú kí irin tí a ti pò mọ́ omi dì ní hóró kéékèèké, tí wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, kí a sì darí ìrísí tí hóró náà máa gbé jáde.

Àwọn òyìnbó ní kí wọ́n dúró. Dókítà ní ilé làwọn ń lọ. Ní ọdún 2010, wọ́n gba iṣẹ́ ní àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ní Abuja, èyí tí ẹbí mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, wọ́n sì kó ìdílé wọn wá sí Gwagwalada.

Ní ọdún 2011, ọ̀rẹ́ wọn Jàbárù àti ìyàwó rẹ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Apo nítorí olè, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sùn. Wọn kò jí mọ́. Dókítà wà lára àwọn tó já ilẹ̀kùn náà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ pé ohun tí àwọn máa ṣe nìyí: hóró irin tí a lè fi sínú sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀, tí májèlé inú èéfín bá ti kọjá lára rẹ̀, yóò yí padà di ohun tí kò lè pa èèyàn. Ara hóró náà lóde ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá gún ní igun mẹ́rin, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bó bá wú rogodo tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, ìdọ̀tí lásán ni.

Ooru tí kò yẹ̀ ló ń mú un gún. Ẹ̀yin náà mọ iná Abuja. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Dókítà gbé ínfátà ilé wọn lọ sí ọ́fíìsì, àwọn ọmọ wọn, Ànú àti Shalom, sì ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé. Rosemary bínú, kò sì fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fara dà á, torí bàbá wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

Ọ̀rọ̀ rírí yìí gan-an ló pa wọ́n. Ní ọdún 2013, ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń wo irú hóró bẹ́ẹ̀ dé sí ọ́fíìsì wọn nínú àpótí pákó. Ọ̀gá àgbà ní a kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Ó ní: “Dókítà, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù now. Mínísítà ló máa wá cut tape, a ò lè kàn ṣí i bẹ́ẹ̀.” Wọ́n gbẹ́ orúkọ mínísítà sára òkúta ìrántí. Kó tó wá, wọ́n yọ ọ́ nípò. Wọ́n gbẹ́ òkúta mìíràn. Ìjọba yí padà, wọ́n tún gbẹ́ òmíràn. Òkúta pọ̀ ní ọ́fíìsì náà ju ìmọ̀ lọ. Àpótí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé fíláàsì oúnjẹ lé e lórí, Dókítà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láràárọ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún ìyàwó wọn pé: “Ìyá Ànú, ó dà bíi pé mò ń se ọbẹ̀, wọ́n sì ní n ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.” Ní ọdún 2016, wọ́n mú ọ̀pá irin lọ láti fi tú àpótí náà. Kúẹ́rì ni wọ́n fún wọn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń bójú tó. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Òkun ní Abuja, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Àwọn kan lára ẹ̀yin tó jókòó síbí ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀ ń pè wọ́n ní Dókítà Jẹnẹrétọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún padà wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, yunifásítì kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gbà kí wọ́n wá lo ẹ̀rọ tirẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Dókítà fi táwẹ́ẹ̀lì wé àwọn ìgò tí hóró náà wà nínú wọn, wọ́n wọ ọkọ̀. Táyà bẹ́ kí wọ́n tó dé Abaji. Wọ́n kú lójú ẹsẹ̀. Ìgò kankan kò fọ́.

Arábìnrin Bámiṣayọ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kó ìgò wọ̀nyí, ó sì parí ìrìn àjò náà. Ohun tó rí ni àwòrán tó wà lẹ́yìn ìwé yìí. Kì í ṣe òdòdó, kì í sì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí atẹ̀wé fi síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé ni. Ẹ wò ó dáadáa: igun mẹ́rin ni gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tó wọ́.

Ọ́fíìsì wọn ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ìyìn lónìí, àti pé àwọn máa fi orúkọ Dókítà sọ yàrá ẹ̀rọ náà. Ẹbí dúpẹ́, ẹbí kò sì gbà. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Títí tí a fi tẹ ìwé yìí, wọn kò tíì ṣí àpótí náà.

Àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ ni ìyá wọn, Màmá Rẹ̀mí. Ìyàwó wọn, Rosemary. Àwọn ọmọ wọn, Ànú àti Shalom. Àti àwọn àbúrò. Wọn kò dúró de ọmọ-ọmọ.

A kọ èyí kún un lẹ́yìn tí a ti tẹ ìyókù: láàárọ̀ òní, kí wọ́n tó dé pósí, Rosemary mú àwòrán náà wọlé. Ó mọ̀ pé òkú kì í ríran. Síbẹ̀, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí àwọn ọkùnrin tó fẹ́ gbé pósí fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ṣe iṣẹ́ àwọn.

Múyìwá, ọmọ Adébíyì, bí ẹ ṣe ní ó máa rí náà ló rí. Kí ilẹ̀ Abuja tù yín lára ju ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Ẹ sùn re o.