Ìdí Tí Mi Ò Fi Rẹ́rìn-ín Nínú Fọ́tò

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní bí ẹ bá ti rí ojú mi nínú fọ́tò, ẹ máa mọ̀ bóyá kí ẹ wá mú mi kúrò lọ́dọ̀ àǹtí. Fọ́tò rèé. Ẹ má torí pé mi ò rẹ́rìn-ín gbéra o. Kámẹ́rà ló fà á.

Àwọn fọ́tò ogun ayé àtijọ́ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù tí àǹtí ti ń ya fọ́tò. Màmá, àwọn tó yà wọ́n dáńgájíá. Inú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, tó ṣókùnkùn, ni wọ́n ti ń da oògùn tó ń gba àwòrán sára gíláàsì, wọ́n á sáré fi ya fọ́tò, wọ́n á sáré padà lọ fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ, ìbọn sì ń dún. Síbẹ̀, mo lè ka bọ́tìnnì ara sójà. Ẹni tó bá mira nìkan ló ń dà bí èéfín. Ẹṣin kan tiẹ̀ ní orí méjì, torí ó ń lé eṣinṣin.

Irú kámẹ́rà wọn yẹn, tó máa ń pẹ́ kó tó ya èèyàn tán, ni àǹtí fi yà mí. Ó ní, “Dúró bí òpó, ìwọ olójú òjò tí omi kì í gbẹ lójú ẹ. Bí o bá mira, màmá ẹ á rò pé iwin ni mo fi ránṣẹ́.” Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ò ṣeé gbé dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ojú mi tó wú, eruku ló kó sí i. Àárò ilé ò sọ mí. Àǹtí máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ gíláàsì, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n ná.

Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ sọ fún àbúrò mi pé kó má sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Àbí kó máa sùn síbẹ̀, kí bẹ́ẹ̀dì má baà tutù.

Èmi ni, olójú òjò yín.