Ọ̀gá Dúró àti Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Àbámẹ́ta, 4 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Èébì. Ìgbà mẹ́ta. Ọmọ apẹja ni mí, ọmọ-ọmọ apẹja, mo sì ń kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì. Ọ̀sà Ọ̀jọ́ ò mọ ìyẹn fún mi.

Bàbá mú mi lọ síbi igi wọn, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n rì sísàlẹ̀ omi kí ẹja lè fi ṣe ilé. Ìdákọ̀ró máa ń há síbẹ̀, èjìká Bàbá ò sì gba àjẹ̀ mọ́. Ọ̀gá Dúró ló gbà wọ́n. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn: ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì, tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Tẹ bọ́tìnnì níbi tí o bá fẹ́, yóò bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, yóò di ọkọ̀ mú síbẹ̀ bí omi tilẹ̀ ń fà á, yóò sì rántí ọ̀nà ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ibẹ̀ dára. Erékùṣù kékeré kan wà lápá òsì, ewéko tútù, ẹyẹ funfun kan lórí rẹ̀. Èpìyà mọ́kànlá.

Nígbà tí a délé, mo fẹ́ fi hàn pé ìwé tí mò ń kà ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí n tún inú Ọ̀gá Dúró tò. Mo pa gbogbo ibi tó mọ̀ láyé rẹ́. Bàbá ní ṣé ó ti gbọ́n sí i báyìí. Mo ní ó gbọ́n gan-an, sà.

Àìkú, 5 Ṣẹ́rẹ́

Mo jẹ́wọ́ ìdajì. Mo ní ẹ̀rọ náà "gbàgbé". Bí ẹni pé òun ló dédé gbàgbé.

Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹ́rẹ́

A padà lọ fi ibi igi han Ọ̀gá Dúró. Ọparun tó wà níbẹ̀ fún àmì ti lọ — ọkọ̀ oníyanrìn ló kọlù ú. Bàbá wà nídìí ọkọ̀, wọ́n ń darí. Wọ́n ní, "Máímúnà, èbúté ni kí o máa wò. Bí òpó máàsì fóònù bá ti wọ ẹ̀yìn ilé gogoro mọ́ṣáláṣí, pariwo." Mo mọ̀ pé wọ́n ń dán mi wò ni. Ọyẹ́ bo gbogbo èbúté. Ojú mi sì wà nínú ike — èébì. Nígbà tí mo gbórí sókè, mo rí erékùṣù mi, ẹyẹ funfun jókòó lórí rẹ̀ bí onílé. Ọkàn mi balẹ̀. Mo pariwo, mo tẹ bọ́tìnnì.

"O rí i dáadáa?"

"Mo rí i, sà."

Wákàtí mẹ́ta. Akàn kan.

Ọjọ́rú, 15 Ṣẹ́rẹ́

Bàbá pè. Wọ́n lọ lánàá, wọ́n tún lọ lónìí, òfo. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti darúgbó, kò mọ ilẹ̀ mọ́. "Ìwọ tó ń kàwé ẹja, ṣé ká pààrọ̀ ẹ̀ sí tuntun?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìwádìí.

Ìwádìí: fídíò mẹ́ta. Òyìnbó tó fi awò dúdú sójú, ẹja tó tó ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó bì nínú wọn.

Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́rẹ́

Ọjà Alábà pẹ̀lú Bàbá. Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀ ló ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu-Oyin ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Ó ń pe Bàbá ní Àlájì. Bàbá ò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ní Alábà, fìlà tó.

Tuntun náà ń dán. Ẹnu-Oyin ní sátẹ́láìtì tó ń bá sọ̀rọ̀ pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. "Àlájì mi, tí ẹ bá ju ẹní sójú omi, orí ẹní yẹn náà ló máa dúró sí!" Ó ní òun ò fẹ́ da Bàbá láàmú. Kí wọ́n gbé Ọ̀gá Dúró wá, kí wọ́n fi ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé létí omi lé e, ó parí. Hòótẹ́ẹ̀lì kan ní Okokomáíkò ń wá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e dúró, kí wọ́n kan pákó sí i, kí wọ́n máa to ọtí sínú rẹ̀.

Bàbá Àgbà ló fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ọkọ̀ yẹn. Wọn ò fẹnu kan ọtí rí títí wọ́n fi kú.

Bàbá nawọ́ sí mi. "Ọmọ mi ló máa sọ. Òun ló mọ̀wé."

Ẹnu-Oyin ní òun fún wa di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́ ríran o, Ọ̀mọ̀wé."

Ajé, 20 Ṣẹ́rẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni.

Ìṣẹ́gun, 21 Ṣẹ́rẹ́

Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́rú, 22 Ṣẹ́rẹ́

Mo fa ìlà sáàárín ìwé. Ìdí méje tó fi yẹ ká pààrọ̀, ìdí méje tí kò fi yẹ. Kẹ́mi, tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Ìba, yọjú wò ó. "Ẹnjiníà Omi, o ò ṣe bi ẹja léèrè?" Ó ní tí wọ́n bá ní kí n yan aṣọ tí wọ́n máa fi sin mí, mo máa jí dìde torí mi ò tíì pinnu.

Òótọ́ ni. Ó dùn mí fún wákàtí méjì.

Ẹtì, 24 Ṣẹ́rẹ́

Lẹ́yìn Jímọ̀ mo bá Bàbá létí omi. Wọ́n jókòó lórí ọkọ̀ àtijọ́. Ojú ibi tí àáké Bàbá Àgbà bà ṣì hàn lára igi. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi okùn bọ ojú ìwọ̀. Mo bọ ọ́. Wọ́n tún gbé òmíràn fún mi. Mo rò pé wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́ ni.

Wọn ò bi mí ohun tí mo pinnu. Ìyẹn burú ju kí wọ́n bi mí lọ. Ṣé kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọkọ̀ lọ? Ṣé kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Bàbá máa pa akàn?

Ọjọ́rú, 29 Ṣẹ́rẹ́

Mo dé èbúté láti lọ kí Bàbá. Erékùṣù mi wà níbẹ̀. Lẹ́bàá èbúté. Ẹyẹ funfun lórí rẹ̀.

Mo dúró. Mo wò ó. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Mi ò kí ẹnikẹ́ni, mo sáré padà sí Ìba, mo ṣí ìwé yìí. Ọjọ́ kẹrin: lápá òsì igi wa. Ọjọ́ kọkànlá: ibi tí mo ti tẹ bọ́tìnnì. Òní: lẹ́bàá èbúté. Erékùṣù kì í rìn. Ewéko ojú omi lásán ni, omi ló ń gbé e kiri, èmi ni mo fún un ní ilẹ̀.

Ọ̀gá Dúró ò gbàgbé nǹkan kan. Ibi tí mo ní kó dúró ló dúró sí, ó ń bá omi jà láti ọjọ́ yẹn lórí irọ́ mi.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọkọ̀ Bàbá Àgbà ra irọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, 30 Ṣẹ́rẹ́

Mo pe Bàbá láti jẹ́wọ́. A sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́.

Ẹtì, 31 Ṣẹ́rẹ́

Mo kúnlẹ̀ létí omi, mo sọ gbogbo rẹ̀: bọ́tìnnì, èébì, erékùṣù. Mo ń retí ìbínú. Bàbá ń wé okùn mọ́ ọwọ́. Wọ́n ní, "Mo rò pé o rí máàsì."

Mo ní, "Mi ò rí i, sà." Mi ò mọ ẹni tó gbé ìyókù sí mi lẹ́nu. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà, ṣé ẹ ò rí i pé a ò tíì dé ibẹ̀ ni?"

Wọ́n wo omi. "Láti ìgbà Iléyá, mi ò rí máàsì mọ́. Ilé gogoro gan-an, gbígbọ́ ni mò ń gbọ́ ọ."

Ìwọ̀. Okùn. Mo ti ń bọ ojú ìwọ̀ fún wọn, mo ń rò pé ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tí kò ríran fi ọkọ̀ lé ẹni tí kò wòran lọ́wọ́, àwa méjèèjì wá di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ.

Mo sunkún díẹ̀. Bàbá ní kí n má fi kún omi.

Àbámẹ́ta, 1 Èrèlé

Bàbá pe Ẹnu-Oyin láàárọ̀. "Ẹ̀rọ tiwa gbọ́n. Àwa la kù." Mo ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú fóònù: "Àlájì! Àwọn hòótẹ́ẹ̀lì ti ra àga tí wọ́n máa tò yí ọkọ̀ ká o!" Bàbá ní kí wọ́n jókòó.

A jáde. Èmi ni mò ń wo èbúté. Bàbá ní ìlà kan ò tó: máàsì gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀yìn ilé gogoro, igi àgbọn kan tó tẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bọ́ sójú òrùlé páànù pupa. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé, igi wa nìyẹn. Mo bì lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n mo bì láìgbé ojú kúrò lórí èbúté. Mo pariwo. Bàbá ki àjẹ̀ bọ omi. Kọ̀! Igi.

Wọ́n fi àjẹ̀ kan án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀gá Dúró kùn, ó sì dúró. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Bàbá máa lọ rí dókítà ojú.

Wákàtí méjì, ẹja kankan ò jẹ ìjẹ wa. Ṣùgbọ́n a mọ ibi tí wọn ò ti jẹ ẹ́.