Kì Í Ṣe Ebi Ló Mú Ọmọ Yín Rù

Ìyá mi, mo kí yín láti Ìgàndó o. Bàbá Hamdalah, ọmọ yín, ní kí n sọ fún yín pé ara òun ti ń mókun. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí.

Àǹtí Mubarakah sọ fún mi pé ẹ ní ebi ni mo fi ń pa á. Mi ò bínú. Èmi náà ti rò ó rí pé bóyá ọbẹ̀ mi ni kò dára, ni mo bá bi dókítà. Ó ní, "Ìyàwó, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Jẹjẹrẹ inú rẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rá àti iṣan ara rẹ̀ pé kí wọ́n máa yọ́. Oúnjẹ nìkan ò lè dá a dúró."

Ó ń jẹun ṣá. Ó lá ẹ̀kọ ṣíbí mẹ́ta lánàá. Èmi nìkan ni mo ń gbé e lọ wẹ̀ báyìí, kò sì wúwo rárá, ẹ má dààmú nítorí ẹ̀yìn mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de Iléyá. Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Èmi ni Mọ̀dínátù, ìyàwó yín.