Píkọ́ọ̀pù ti ga ju ẹsẹ̀ Màmá lọ

Ọjọ́rú, oṣù Keje

Oúnjẹ ò wọ ẹnu mi. Èmi tí mo máa ń jẹun bíi ẹni tó ní ikùn méje!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi òjò Èjìgbò wọ ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù Dádì lójú ọ̀nà, Màmá Àgbà ò sì dé ọsibítù tí wọ́n ti ń bá wọn fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ torí kíndìnrín wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú bíi ìrọ̀rí. Ìdí nìyẹn tá a fi gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múrí, mẹkáníìkì wa, lónìí, kí wọ́n bá wa gbé e ga ju omi lọ.

Wọ́n ní àwọn lè gbé iwájú nìkan kó bá ẹ̀yìn dọ́gba, tàbí kí wọ́n gbé gbogbo ọkọ̀ sókè. Wọ́n bi wá pé, "Ta ló máa ń jókòó níwájú?"

"Àwa náà ni," mo yára dáhùn. "Ẹ gbé e sókè pátápátá! Kí omi Èjìgbò máa kí wa láti ìsàlẹ̀."

Dádì rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà.

Nígbà tá a délé, Màmá Àgbà gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n lè wọ ọkọ̀, kò débì kankan. Dádì fẹ́ gbé wọn, ni wọ́n bá figbe ta. Wọ́n fọwọ́ ti táyà, wọ́n ń mí hẹlẹ.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, nígbà tẹ́ ẹ ń gbé e sókè, ṣé ẹ ò rántí mi ni?"

Ẹ̀gbọ́n Múrí ti ti ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ ọ̀la ni ọsibítù.

Mo to búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí àtẹ̀gùn kí n tó wọlé. Mo gùn ún, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń wọ́ ẹsẹ̀ bíi Màmá Àgbà. Búlọ́ọ̀kù náà ń mì ṣáá.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.