Fìlà Bàbá Mi

Ọjọ́ Àìkú, 9 October 1994. Rolla, Sharjah.
Visa mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó ń pè mí ní sister ní Deira ti ń yẹra fún mi. Ọ̀gá Abdulsalam nìkan, ará Àlgéríà tí mo ń ra léèsì lọ́wọ́ ẹ̀, ló bi mí pé níbo ni mo ti gbọ́ Faransé. Mo ní Kétu ilẹ̀ Dàhòmì ni wọ́n bí mi sí. Mo ní bàbá mi tiẹ̀ jagun òmìnira ní Àlgéríà, ní 1959 tí ogun gbóná lórí òkè wọn. Bí Bàbá ṣe máa ń wí i nílé nìyẹn. Ọkùnrin náà dìde. Omi bọ́ lójú ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11.
Ó lóun á ṣe sponsor visa mi! Ó ní ọmọ akọni ò gbọdọ̀ sun ìta. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù — òkè yẹn ló kú sí. Ó ti kan ìṣó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún fọ́tò Bàbá. First November ni wọ́n máa gbé e kọ́, ogójì ọdún tí ogun wọn bẹ̀rẹ̀. Mo fi lẹ́tà rán Asiat tó ń kó ẹrù lọ fún àwọn oníbàárà ẹ̀ l'Ékòó, kó dé Kétu bá mi gba fọ́tò náà wá.

Ọjọ́bọ̀, 13.
Mùlíkàt tá a jọ ń gbé yàrá ń pè mí ní Princess of Algeria. Kó máa bú mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 27.
Asiat dé. Bàbá nínú fọ́tò — fìlà sójà Faransé lórí, àmì ẹ̀yẹ Faransé láyà.
Ẹ̀gbọ́n mi Mùsílíù ló bá a kọ lẹ́tà. Bàbá ní kí n kí ọ̀gá mi. Ó ní Faransé ló sọ fáwọn pé táwọn bá bá wọn ṣẹ́gun níbẹ̀, wọ́n á fún Dàhòmì ní òmìnira tiẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n fún wọn lóòótọ́.
Bàbá ò parọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 28.
Ọdún márùndínlógójì ló ti ń fi yangàn. Ta ló yìnbọn fún ẹ̀gbọ́n ọ̀gá mi?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29.
Mùlíkàt ní, "Abeg, gé e jọ̀ọ́. Photo no dey talk. Àbí o fẹ́ padà sí Lagos lọ máa fi òótọ́ jẹun?"

Ọjọ́ Àìkú, 30.
Malayali kan, ará Íńdíà tó ń ya fọ́tò nítòsí ibùdókọ̀, ló bá mi gé e. Fìlà lọ, àyà lọ. Ojú Bàbá nìkan ló kù, láti ìpéǹpéjú dé àgbọ̀n. Mo kórìíra ọwọ́ tí mo fi gbé e fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 November.
Ìwé visa jáde láàárọ̀. Wọ́n gbé Bàbá kọ́ lọ́sàn-án. Àwọn èèyàn ọ̀gá mi ṣàdúrà, ìyá arúgbó kan fẹnu ko gíláàsì. Èmi náà ṣe àmín, èmi ẹlẹ́tàn.
Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wo fọ́tò méjèèjì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń rí ti ẹ̀gbọ́n yẹn, mi ò wò ó dáadáa rí. Láti ìpéǹpéjú dé àgbọ̀n. Wọ́n gé òkè, wọ́n gé ìsàlẹ̀.
Mo yíjú. Ọ̀gá Abdulsalam ti ń wò mí tipẹ́.
"Khalas, ukhti," ó ní. "Ó ti tó, arábìnrin mi. Fìlà kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi àti bàbá ẹ dé."